Sàréè Iwájú Ilé

"Ẹ má ṣílẹ̀kùn, mà!" Akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń pín ilé ìjọba sáré dí olùkọ́ náà lọ́nà níwájú ilé tí ìjọba pín fún un ní Ìfọ́n. Ó nawọ́ sí sàréè kan tí wọ́n fi táìlì funfun bò. "Ọ̀gá wa ti sin ìyá wọn síbí. Ẹ ẹ̀ lè máa gbé lórí òkú olókùú."

Ọ̀rọ̀ náà rí olùkọ́ lára. "Ìjọba ta bọ́ǹdì, ìwé ẹ̀yáwó, fáwọn olówó, wọn ò gba owó orí lórí èrè rẹ̀, torí kí wọ́n lè fowó náà kọ́lé fún irú wa. Ẹ wá sin òkú síbẹ̀!"

"Ẹ rọra, mà. Ta ló máa gbalé lọ́wọ́ ẹni tó sin ìyá ẹ̀ síbẹ̀?"

Olùkọ́ tutọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára sàréè náà: Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyá Sofiyullah.

Ìyá Sofiyullah fúnra rẹ̀, Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù, aládùúgbò olùkọ́ tó bá a wá láti Ìlobù kó lè ṣàdúà sílé tuntun, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó rí sàréè náà, ó tẹ́wọ́ àdúà.

"Kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà kẹ́ ẹ o. Olùkọ́, kí lorúkọ olóògbé, kí n lè fi tọrọ fún un?"