Ibùsùn Àṣàkẹ́

Ìjà ni mo gbé wá sílé Tinúadé ọmọ mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àṣàkẹ́ ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni ò pọ̀n ọ́n sùn rí! Ibùsùn ẹ̀rọ kan ló ń mì í, òun ló ń kọrin sí i létí, òun náà ló ń gbá a nítan jẹ́jẹ́.

Àṣàkẹ́ bú sẹ́kún. Mo nawọ́ sí i.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ibùsùn mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ lónìí ni, kí Àṣàkẹ́ lè kọ́ bí a ṣe ń rẹ ara ẹni lẹ́kún."

"Ta ló fi ìwọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí?"

Tinúadé kàn di ọwọ́ mi mú.

Àfi bí ẹkún ṣe rọlẹ̀. Àṣàkẹ́ gbé ọwọ́ kékeré sókè, ó ń gbá itan ara rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá, ó sinmi, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ padé.

Bí mo ṣe máa ń gbá ìyá rẹ̀ sùn gan-an nìyẹn!

"Ta ló kọ́ Àṣàkẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ rántí ìrọ̀rí tí mo ní kí ẹ bá mi gbá lọ́jọ́ ìkómọ? Ìrọ̀rí náà gba bí ẹ ṣe ń gbá a sílẹ̀; ọwọ́ yín la fi kọ́ ibùsùn bó ṣe ń gbá ọmọ."

Mo rántí. Mo tiẹ̀ rò pé orí ọmọ mi ti dàrú ni.

Mo rọra fa ọwọ́ mi padà. Ó ti dé ara Àṣàkẹ́ ṣáájú èmi fúnra mi.