Tísà Ń Wo Bọ́ọ̀lù

Ìyàwó tísà ń gé àlùbọ́sà nílé ìdáná.

Ọkọ rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀.

"Màmá wọn, wá wo aṣọ́lé wa! Ó dúró bí ọmọ tí ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá!"

Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ńkọ́? Ó ń sáré bí ọ̀gá iléèwé tó gbọ́ pé ìsípẹ́kítọ̀ ti dé. Ṣòkòtò rẹ̀ ti fẹ́ já!" ni tísà tún pariwo.

Ìyàwó rẹ̀ bu omi tútù, ó gbé e lọ fún un.

Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ló dúró sí.

Tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Ohùn asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan ló ń jáde. Ọkọ rẹ̀ kọjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá wọn, kò sí àwòrán ńbẹ̀ o."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu tísà.

"Ó ti pẹ́ tí ojú mi ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀," ó ní. "Àárọ̀ yìí ló ṣú tán. Dókítà ti sọ fún mi pé kò sóògùn ẹ̀."

"Ẹ gba omi," ni obìnrin náà sọ.

"Jọ̀ọ́, má tíì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ níléèwé."

Ó nawọ́ láti gba omi. Ibi tó nawọ́ sí, kò séèyàn níbẹ̀.