Ìwádìí Ilẹ̀ Mẹ́ta

Ní ọjọ́ Iléyá ọdún 1974, ọlọ́pàá mú Mùktárù, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wà lára bùbá rẹ̀. Wọ́n ti bá ọ̀gá rẹ̀ lókùú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mùktárù ní ẹ̀jẹ̀ àgbò tí òun dúńbú fún onílé òun ni. Bùbá náà lọ sí iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ìjọba, Dókítà Abórìṣàdé sì fọwọ́ sí ìwé pé ó tẹ òun lọ́wọ́.

Dókítà yìí ń gbé ní Mafoluku. Wàsílátù, ẹ̀gbọ́n Mùktárù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ṣàkírù, ló máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ilé rẹ̀. Ó béèrè èsì. Dókítà ní èròjà tí wọ́n fi ń mọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn yàtọ̀ sí ti ẹran ti tán láti ọdún tó kọjá, ìjọba kò sì tíì rà á. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, ìjọba kan náà rán an lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí ó lọ wo bí ilẹ̀ mẹ́ta ṣe ń ṣètò irú iṣẹ́ yìí. Wàsílátù bá a di àpótí: kóòtù òtútù méjì, ìwé, àti àpòòwé pẹlẹbẹ kan tí dókítà ní kí ó má tẹ̀.

Nígbà tó dé, ó ṣàlàyé fún un. Ní England, ìjọba ló ni ilé àyẹ̀wò. Ní Jámánì, yunifásítì ni. Ní Faransé, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń yan onímọ̀.

"Èwo ló yára jù, sà?"

"Ohun tí mò ń kọ nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi kọ ti Mùktárù ná."

"Ìyá Ṣàkírù, mi ò lè ṣàdédé kọ èsì. Ọlọ́pàá ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè, kó sì gba ọ́fíìsì ọ̀gá mi kọjá."

"Ṣé kí n lọ bẹ Faransé kó yá wa ní adájọ́ kan ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọlọ́pàá kò kọ̀wé. Wọ́n ní dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Adájọ́ ní kò sí èsì kankan níwájú òun. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1976, wọ́n yẹgi fún Mùktárù.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé ìwádìí dókítà jáde. Ìgbìmọ̀ ìjọba tó gbà á wọlé yìn ín pé ó péye. Wàsílátù ló lọ agbádá tó wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ojú ìwé kọkànlélógójì, níbi tó ti fi ìyára ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, ó kọ ọ́ pé: "Jámánì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, 1975: àgékù apá bùbá kan láti Ìsọlọ̀, wákàtí mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ àgbò."