Àgbébọ̀ Tó Sàba Lé Ẹyin Awó

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọọmọ mi. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé àgbébọ̀ adìẹ kan tí kò yé ẹyin dáadáa mọ́.

Ìyá kan ló ń sin òun àti Awó. Awó a máa yé tirẹ̀ sínú igbó, kì í sàba lé e. Ó fi àgbébọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ìyá àgbà, ìkòkò ọbẹ̀ ń retí yín o!"

Àyà àgbébọ̀ já. Ó lọ sàba lé ẹyin Awó, ó ní tòun ni, ó ń kọrin sí ìyá tó ni ín. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá, ẹ má pa mí,
*Kẹ̀rẹ̀nì!*
Iṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi,
*Kẹ̀rẹ̀nì!*

Ọmọ awó ló jáde. Àṣírí tú! Ìyá tó ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ẹyin tó ń ṣòfò nígbó lo sọ dọmọ fún mi? Ọ̀bẹ ò ní kàn ọ́ láé!"

Awó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé àgbébọ̀ bá òun sàba. Àgbébọ̀ ní, "Dìde, ọmọ mi. Èmi ni mo dúpẹ́. Ẹnu rẹ ló bá mi wáṣẹ́."