Òrùlé Tí Ọ̀bọ Kàn

Àlọ́ mi já wálẹ̀ bí igi àjà, ó bọ́ sórí Àparò olóríkunkun àti Ọ̀bọ ẹlẹ́nu dídùn.

Àparò fi gbogbo ohun tó ní ra àlàpà kan, pé òun á tún un ṣe, òun á sì tà á. Kò ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ rí, ló bá gbéṣẹ́ fún Ọ̀bọ agbaṣẹ́ṣe. Ìgbàkígbà tó bá bèèrè ibi tíṣẹ́ dé, orin ni Ọ̀bọ fi ń dá a lóhùn:

Ilé á dùn, ilé á tutù,
*Ó kù díẹ̀!*
Onílé, lọ fọkàn balẹ̀,
*Ó kù díẹ̀!*

Lọ́jọ́ tí Ọ̀bọ ní òun ti parí, Àparò wòkè, ó rí ojú ọ̀run láàárín páànù, igi àjà sì ń mì.

"Ọ̀gá, òrùlé yìí á wó."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Mi ò mọ iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n mo mọ òjò, ó sì ti ṣú. Ẹ pe ìyá yín kí wọ́n wá jókòó síbí títí òjò yóò fi dá."

Ọ̀bọ ò fẹ́ kójú ti òun, ó ránṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì dé. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà, Ọ̀bọ dì í lápá mú.

"Màámi, ẹ má wọbẹ̀."

Àparò ní, "Ilé tí ẹ ò lè fi ìyá yín sí, mi ò ní tà á fún ìyá ẹlòmíràn. Ẹ gòkè padà."

Inú òjò ni Ọ̀bọ ti tún òrùlé náà kàn. Bó bá ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, Àparò á dá orin, ìyá Ọ̀bọ á sì máa gbè é nísàlẹ̀:

*Ó kù díẹ̀!*

Bí mo bá parọ́, kí òrùlé tèmi náà jò.