Ẹ Tú! Ọ̀rọ̀ Kan Tí Ọ̀gá Panápaná Kò Lọ Kọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá máa fi ránṣẹ́. Ẹ kà á tán. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ibi tó dùn mí jù wà.

1.

Àgọ́ panápaná mẹ́ta ló múlé ti ara wọn. Bí iná bá pọ̀, wọ́n jọ máa ń pa á ni, ṣùgbọ́n kálukú pẹ̀lú àṣẹ tirẹ̀. Wọ́n bá kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́, kí àwọn aṣáájú àgọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jókòó sínú yàrá kan, kí wọ́n jọ kọ́ bí a ṣe ń darí iná ńlá. Owó náà jáde. Àdéhùn kan ṣoṣo ló bá a wá: bí àgọ́ kan kò bá wá, wọ́n á gba owó náà padà lọ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀gá àgọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Akíkanjú ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti kẹ̀yìn, Ta-Ni-Yóò-Kọ́-Mi ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀gá obìnrin àgọ́ kẹta ló máa ṣe olùdarí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí tí mo ti ń pa iná kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣáná?"

Àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀gá yìí ló tọ́ ọ, òun ló sì mú un wọṣẹ́. Àbúrò yìí ni olórí àwọn tó ń gbé rọ́bà omi wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni."

"Ká lọ kọ́ kí ni? Iná kan náà ni gbogbo wa ń pa. Àbí iná tiwọn ń sọ èdè mìíràn ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

2.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọ̀gá kó àwọn aṣáájú àgọ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn wá fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kó wọn padà kí wọ́n tó gbé tíì dé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọjọ́ kejì ni àwọn tó kù jọ fẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí gbogbo wọn á máa fi pàṣẹ.

Ọ̀gá obìnrin mú ìwé àwọn ọ̀rọ̀ náà wá bá a ní ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kà á fún wọn. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ò padà wá. Tí mo bá sọ, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ gbogbo wa."

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. Ó sì fi ìwé náà tẹ́ ife tíì rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìwé-ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà dé. Ìyàwó àbúrò fi ti ọkọ rẹ̀ sínú gíláàsì, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ojú ń ti ọkọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀.

3.

Iná sọ ní ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ń kó fóòmù sí. Ọ̀sán gangan ni. Ọ̀gá obìnrin ló kọ́kọ́ dé, nítorí náà òun ló ń pàṣẹ. Àbúrò yẹn àti àwọn méjì láti àgọ́ kejì gba ẹ̀yìn wọlé.

Obìnrin náà rí i pé òrùlé ti ń tẹ̀. Ó figbe bọ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀: "Ẹ tú! Ẹ tú!"

Nínú ìwé tó wà lábẹ́ ife tíì, "Ẹ tú" túmọ̀ sí ẹ tú ká, ẹ sá jáde. Àwọn ọmọ àgọ́ kìíní àti kẹta ju rọ́bà sílẹ̀, wọ́n sá. Ṣùgbọ́n ní àgọ́ kejì, láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, "Ẹ tú" túmọ̀ sí ẹ tú omi.

"A ti gbọ́!" ni àbúrò dáhùn. Ó tú omi, ó sì wọlé sí i.

Nígbà tí ọ̀gá àgọ́ kejì, tó wà níta, rí àwọn tó ń sá jáde, tí kò rí tirẹ̀, ó yé e. Ó sáré, ó ń pariwo: "Jáde! Àbúrò mi, jáde!" Òrùlé wó lójú rẹ̀. Méjì rápálá jáde. Àbúrò rẹ̀ kò jáde.

4.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde. Alága gbé ìwé-ẹ̀rí olóògbé sórí tábìlì.

"Ìwé yìí ní ó mọ ìtumọ̀ àṣẹ náà. A jẹ́ pé àìgbọràn ló pa á. Ìjọba kì í sanwó ìtọ́jú fún ìdílé aláìgbọràn."

Opó náà yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Oyún inú rẹ̀ ti pé oṣù méje.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ. Ṣé aláìgbọràn ni ọkọ mi?"

Ọ̀gá obìnrin sorí kọ́. Ta-Ni-Yóò-Kọ́-Mi mọ̀ pé bí òun bá lanu, iṣẹ́ ti lọ, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀ lé e. Ó dìde.

"Ó gbọ́ràn," ló wí. "Èmi ló gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó ní ká lọ, mo ní ká má lọ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gba aṣọ iṣẹ́ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù. Opó rí owó rẹ̀ gbà. Ó sì gbé ìwé-ẹ̀rí inú gíláàsì yẹn lọ sílé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó nà án sí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ gbà, sà. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀yin ọ̀gá ní pàtàkì: bí wọ́n bá pè yín síbi ẹ̀kọ́, ẹ lọ, ẹ sì jókòó tán. Ẹ má fọwọ́ síwèé ohun tí ẹ ò kọ́. Ẹni tó ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ni yóò sanwó rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó rò pé òun ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.