Béèsì Yìí Kò Tó

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí Ọláníyan ra hẹ́ẹ̀dì tuntun, ìyẹn orí ẹ̀rọ tó ń fún gìtá béèsì lágbára, pẹ̀lú àpótí sípíkà kan tó ga dé orúnkún. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ti jóná. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, ní Addo. Agogo àti àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi lásán. Ìkórè nìkan ni gìtá àti fèrè ń jáde fún. Láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì náà ti wà lábẹ́ àtíbàbà ni Ọláníyan ti ń ta gìtá ọ̀hún. Táìlì ló ń tẹ́ sílé àwọn tó ń kọ́lé ní Awoyaya, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, onígìtá ni yóò kọ́kọ́ pe ara rẹ̀.

Níbi ìdánrawò àkọ́kọ́, ó so wáyà, ó ta okùn. Ohùn kan tó dà bí ìgbà tí èkúté ń họ ilẹ̀kùn ló jáde. Ó yí bọ́tìnì sókè. Èkúté náà ni. Akínọ̀ṣọ́, olórí akọrin, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, na àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó sì sọ nǹkan sínú irùngbọ̀n.

"Ẹ ní kí ni?"

Akínọ̀ṣọ́ tún un sọ. Kò tó, ni Ọláníyan gbọ́.

"Èmi náà mọ̀ pé kò tó!" Ó ń tú wáyà tìbínú-tìbínú. Ohun tó tún ń dùn ún ni pé àwọn ọkùnrin ayé ìsinsìnyí kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ajah, sí ṣọ́ọ̀bù Rẹ̀míláyọ̀ tó tà á fún un. Ohùn ọmọbìnrin náà tínrín, ó sì já gaara. Bí ìjà bá tiẹ̀ wà, ó rọrùn láti bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, hẹ́ẹ̀dì yín ò ní wàhálà rárá. Àpótí ló kù. Óòmù mẹ́jọ ni èyí, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná, hẹ́ẹ̀dì yín sì lè gbé mẹ́rin. Tí a bá fi àpótí ẹlẹ́jọ míì tì í, ìdènà àwọn méjèèjì á wá sílẹ̀ di mẹ́rin, gbogbo agbára ẹ̀ á wá jáde. Ẹ má fi ìkẹta kún un ṣá o, ó máa jóná."

Ó so àpótí méjèèjì pọ̀, ó ní kó dán an wò. Ọláníyan ta okùn tó nípọn jù. Rẹ̀míláyọ̀ sáré di ife omi tó wà lórí káńtà mú. Obìnrin tó ń ta àpò fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú, ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó sì padà.

"Ẹ ò rí i? Ààrá gan-an!"

Ọláníyan wò ó. Ta ni ọlọ́jà tí yóò ní ọjà òun kò dára? Ó gbé àpótí náà lọ ṣá.

Ìdánrawò kejì kò yàtọ̀. Fèrè àwọn onífèrè ń ta sí i létí, béèsì tirẹ̀ ń họ ilẹ̀kùn. Méjì nínú àwọn obìnrin akọrin jáde lọ dúró lábẹ́ igi. Ooru ló lé wọn síta, lójú tirẹ̀. Akínọ̀ṣọ́ na ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò tó, kò tó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ṣèyílọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ dé. Ibẹ̀ ló ti pàdé àwọn ìyá akọrin.

"Bàbá Dábírà, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ béèsì yìí ò bá yanjú kó tó di ìkórè, àwọn máa pe ọmọkùnrin onígìtá kan láti Badore."

Ọláníyan ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Àbí kí ni wọ́n ń fẹ́ kó ṣe? Kó tó fèsì, ìyàwó rẹ̀ ti dìde, ó ti sáré lọ kó aṣọ lórí okùn. Kò pẹ́, òjò dé.

"Òjò ìsinsìnyí kì í tiẹ̀ sán ààrá mọ́ kó tó rọ̀," Ọláníyan wí.

Ṣèyílọ́lá wò ó, aṣọ tútù lọ́wọ́.

Bílẹ̀ ti mọ́, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé táìlì lé èjìká, ó kọrí sí ọ̀nà Ajah. Bó ṣe ń sọdá títì ní Awoyaya, tírélà kan tó ń bọ̀ láti Ibeju ré e kọjá díẹ̀ báyìí. Awakọ̀ yọ orí, ó ń ju ọwọ́, ẹnu rẹ̀ ń lọ.

"Ṣé o ò ní fèrè ni?" Ọláníyan ké mọ́ ọn. Àwọn tó dúró létí títì ń wo ojú ara wọn.

Ní Ajah, Rẹ̀míláyọ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ gba ẹ̀rọ táìlì náà ní pàṣípààrọ̀ hẹ́ẹ̀dì ńlá kan.

"Ẹ̀gbọ́n, irinṣẹ́ yín mà nìyí. Hẹ́ẹ̀dì tí ẹ ń nawọ́ sí yẹn, orí pápá ni wọ́n ti ń lò ó."

"Gbé e fún mi. Bí wọ́n bá gba gìtá lọ́wọ́ mi, kí ló kù mí kù?"

"Àpótí yín méjèèjì á gbà á. Ẹ má ṣáà yí i kọjá ìdajì."

Lọ́jọ́ ìkórè, ó to àpótí méjèèjì lérí ara wọn, ó gbé hẹ́ẹ̀dì lé wọn, ó yí i dé ìdajì. Orin ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iná àbẹ́là orí pẹpẹ ń gbọ̀n. Gíláàsì fèrèsé kan já bọ́. Àwọn ọmọdé fi ọwọ́ di etí, Ọláníyan sì wo àwọn onífèrè tìkà-tẹ̀gbin. Akínọ̀ṣọ́ sáré wá síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu rẹ̀.

Omi lé ròrò sí Ọláníyan lójú. Ó yí bọ́tìnì náà dópin.

Akínọ̀ṣọ́ fi í sílẹ̀, ó rìn lọ sápá àwọn obìnrin, ó bá Ṣèyílọ́lá sọ̀rọ̀. Obìnrin náà dìde, ó gba àárín èrò kọjá láìwọ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àpótí. Ọláníyan ń ta gìtá rẹ̀ lọ. Ó ti ta orin náà parí, ó ti mú òmíràn, kó tó rí i pé kò sẹ́ni tó ń kọrin mọ́, àti pé wáyà iná hẹ́ẹ̀dì náà wà lọ́wọ́ ìyàwó òun.

"Bàbá Dábírà," ló wí, ó fi ẹnu kan etí rẹ̀, "'ó ti tó' ni wọ́n ń wí fún yín láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo Addo ló ń gbọ́ béèsì yín, àfi ẹ̀yin nìkan."